Kí Lorúkọ Ẹni Inú Fọ́tò Yìí?

Àwọn tó wá sí ìpàdé wa tó kọjá á rántí ìwé gbàǹgbà tí ọ̀kan nínú wa yá wá, èyí tó wúwo bíi búlọ́ọ̀kù, tí gbogbo wa pagbo yí ká bí ẹni ń wòran eégún. Genesis lorúkọ ìwé náà. Sebastião Salgado, ọmọ ilẹ̀ Bràsíl, ló ya àwọn fọ́tò inú rẹ̀, ọdún 2013 ni ilé-iṣẹ́ Taschen sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò sí àwọ̀ pupa, kò sí àwọ̀ ewé, dúdú àti funfun nìkan ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí a ṣe ń ṣí i la ń ké "háà!" Ìgbà tí a dé ibi ẹsẹ̀ alángbá inú òkun tí wọ́n ń pè ní iguana, ariwo sọ. Ẹnìkan ní ọwọ́ jagunjagun tó wọ ẹ̀wù irin ló jọ. Ẹlòmíràn ní rárá o, ọwọ́ ènìyàn ni, ìka márùn-ún ló ní. Ká tó túká, ẹni mẹ́ta ti kọ ewì lé e lórí.

Èmi náà pariwo, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ìbéèrè kan ò jẹ́ kí n sùn. Nínú gbogbo ènìyàn tí a rí nínú ìwé yẹn, ta la lè dárúkọ? A mọ orúkọ ayàwòrán. A mọ orúkọ alángbá. Obìnrin tó jókòó sínú igbó, ọkùnrin tó dúró láàárín màlúù, kí lorúkọ wọn? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé síwájú yín, nítorí ó kan Salgado, ó sì kan àwa náà tí à ń pe ara wa ní akéwì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, torí lámèyítọ́ tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀, ariwo ọjà ló ń pa. Ọdún 1944 ni wọ́n bí Salgado ní Aimorés, ìpínlẹ̀ Minas Gerais. Olóko màlúù ni bàbá rẹ̀. Ìmọ̀ ọrọ̀-ajé lòun kọ́ ní yunifásítì, ó sì ń bá àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kọfí ṣiṣẹ́ ní London kí kámẹ́rà tí Lélia ìyàwó rẹ̀ rà tó kó sí i lórí. Ní 1973 ó fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ibi tí ìyà bá wà ni ẹ ó ti bá a. Ó ya àwọn tí ìyàn ń pa ní ilẹ̀ Sahel ní 1984 àti 1985. Ní 1986 ó ya ibi ìwakùsà góòlù ní Serra Pelada, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin ti ń ru àpò ẹrẹ̀ gun àkàbà, tí wọ́n wá rí bí èèrà lára ògiri. Ó dé Rùwáńdà ní 1994. Ohun tó rí níbẹ̀ fọ́ ọ lórí. Nínú fíìmù The Salt of the Earth (2014), tí Wim Wenders àti Juliano ọmọ Salgado jọ ṣe, ó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ bí ìgbàgbọ́ òun nínú ọmọ ènìyàn ṣe kú síbẹ̀.

Ó padà sílé, sí oko bàbá rẹ̀. Oko náà ti di ilẹ̀ gbígbẹ. Wọ́n ti gé igi tán, màlúù ti tẹ ilẹ̀ le, ọ̀gbàrá ń wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ, àwọn orísun omi ti gbẹ. Lélia ló dá a lábàá pé, ẹ jẹ́ ká gbin igbó náà padà. Ní 1998 wọ́n dá Instituto Terra sílẹ̀. Igi tí wọ́n ti gbìn láti ìgbà náà ju mílíọ̀nù 2 lọ, ẹyẹ àti ẹranko padà wá, omi sì tún ń sun. Àwọn àgbà wa ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Salgado kò gbàgbé. Inú ìwòsàn yẹn ni Genesis ti jáde. Ó ní òun fẹ́ lọ wá ibi tí ayé ṣì wà bí Ọlọ́run ṣe dá a, kóun lè fi han àwa tó kù. Ìrìn àjò tó rìn fún un lé ní 30.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ló rí?

Ìtàn kan wà tó fẹ́ràn láti máa sọ. Erékùṣù Galápagos, ti ilẹ̀ Ecuador, ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 2004. Ó rí ìjàpá ńlá kan, ó fẹ́ yà á. Bó bá ti sún mọ́ ọn, ìjàpá á kẹ̀yìn sí i, á máa bá tirẹ̀ lọ. Ó wá rò ó pé, bó bá jẹ́ ènìyàn lòun fẹ́ yà, òun ò ní já lù ú lójijì, òun á kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ irú ẹni tóun jẹ́. Ló bá kúnlẹ̀, ó fọwọ́ àti orúnkún rìn, ó bá ìjàpá dọ́gba. Ìjàpá dúró. Nígbà tó fà sẹ́yìn díẹ̀, ìjàpá ló tún ń tọ̀ ọ́ bọ̀, òun náà fẹ́ wo irú ẹ̀dá tí èyí ń ṣe. Odidi ọjọ́ kan ni wọ́n fi bára wọn ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ àlọ́ dàgbà, ẹ rò ó wò. Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo ló máa ń tan gbogbo ẹranko. Níhìn-ín, ènìyàn ló kúnlẹ̀ kí i. Ṣé ẹnìkan wà láàárín wa tí kò mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ ń sọ? Mo ti rí ẹ, mo bọ̀wọ̀ fún ẹ, n ò wá fi agídí mú ẹ. Ohun tí mo mọ̀ sí inú rere nìyẹn, ó sì hàn nínú fọ́tò náà. Ojú ìjàpá yẹn kò jọ ojú ẹran tí wọ́n lé mú.

Fọ́tò kejì tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ padà lọ wò ni ti erin kan ní ọgbà Kafue ní Zambia, ọdún 2010. Erin náà ń sá wọgbó lọ. Àkọlé rẹ̀ sọ ìdí: àwọn ọdẹ tó ń dọdẹ lọ́nà àìtọ́ ti pa erin níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń bẹ̀rù ènìyàn àti ọkọ̀. Kò mọ̀ pé kámẹ́rà lèyí, kì í ṣe ìbọn. Èmi ka èyí sí fọ́tò tó jẹ́ olóòótọ́ jù lọ nínú ìwé náà. Kò parọ́ fún wa pé a wà ní ọjọ́ kìn-ín-ní ayé. Ó jẹ́ ká mọ̀ pé ọmọ ènìyàn ti kọjá níbẹ̀ kí ayàwòrán tó dé, erin sì rántí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ èmi àti Salgado ti ya nìyí. Erin ní ìtàn. Ìjàpá ní àkókò tirẹ̀. Àwọn ènìyàn ńkọ́?

Ẹ ṣí ibi tí àwọn Dinka wà, ní àgọ́ màlúù Amak ní gúúsù Sudan, 2006. Èéfín ń rú, ìwo màlúù ga bí ẹ̀ka igi, àwọn èèyàn dúró láàárín rẹ̀. Ó rẹwà, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa. Èéfín yẹn dà bí kùrukùru àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ará, ogun abẹ́lé ilẹ̀ Sudan bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ọdún 2005 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà. Ọdún 22! Àwọn tó wà nínú èéfín yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ogun ni. Wọ́n ti sá, wọ́n ti sin òkú, wọ́n tún ti padà. Salgado mọ̀ o, torí òun fúnra rẹ̀ ti ya àwọn ọmọdé tí ogun náà ń lé kiri ní ọdún 1990 sókè. Nígbà tó wá di ti Genesis, ogun yọ kúrò, èéfín ló kù.

Àwọn Nenets ilẹ̀ Rọ́ṣíà náà ńkọ́? Ní 2011 ó bá wọn rìn lórí yìnyín ní Siberia, àwọn àti agbo àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù tí wọ́n ń dà. Ènìyàn kéékèèké, ilẹ̀ funfun lọ salalu. Bí ẹ bá wò ó, ẹ ó rò pé òkúta àti yìnyín nìkan ló wà nílẹ̀ yẹn. Bẹ́ẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ Yamal kún fún gáàsì, òpó irin àti ọ̀nà reluwé ni wọ́n ń là kọjá ibi tí ẹran wọn ti ń jẹko, ní 2012 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa gáàsì Bovanenkovo. Kò sí èyí nínú ẹwà tó fi hàn wá.

Àkọlé ìwé náà ló fa gbogbo èyí. Gẹ́nẹ́sísì ni ìwé kìn-ín-ní nínú Bíbélì. Bí o bá ti pe iṣẹ́ rẹ ní Ìpilẹ̀ṣẹ̀, tóo wá kó Dinka, Nenets, Zo'é inú igbó Bràsíl àti àwọn ará Mentawai ilẹ̀ Indonéṣíà sínú rẹ̀ pẹ̀lú penguin àti àbùùbùtán, ohun tí òǹwòran máa gbọ́ ni pé àwọn wọ̀nyí kò tíì kúrò níbi tí ayé ti bẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni. Ọdún kan náà la jọ wà. Ọjọ́ tó ya ọkùnrin Dinka yẹn ní 2006, ọjọ́ orí ọkùnrin náà ń lọ sókè bíi ti ẹni tó ya á.

Susan Sontag ti sọ nǹkan tó jọ èyí nípa rẹ̀ kí Genesis tó dé. Nínú Regarding the Pain of Others (2003), ó bá Salgado wí lórí fọ́tò àwọn tó ń ṣí kiri, pé wọn ò dárúkọ àwọn aláìlágbára inú wọn, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi di àpẹẹrẹ lásán, àpẹẹrẹ ìyà, àpẹẹrẹ iṣẹ́, àpẹẹrẹ ẹ̀yà. Nínú Genesis, orúkọ ẹ̀yà àti ti ibi tí wọ́n wà la rí fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀yà kì í ṣe orúkọ o. Bí ẹnìkan bá ya ìyá mi ní ọjà, tó kọ "obìnrin Yorùbá, gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà" sábẹ́ rẹ̀, inú á bí mi, bí fọ́tò náà tiẹ̀ rẹwà ju oòrùn lọ.

Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá, oríkì ló yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí. O ò lè ki ènìyàn láìmọ ta ni. O máa dárúkọ rẹ̀, o máa dárúkọ bàbá rẹ̀, o máa mẹ́nu ba ìlú tí wọ́n ti ṣí wá. Kódà ohun tí kò dára tí ìran rẹ̀ ṣe, ìjà tí wọ́n jà, gbèsè tí wọ́n jẹ, ó lè wà níbẹ̀, á sì tún dùn ún gbọ́. Oríkì kò fi ẹwà ṣe bojúbojú. Ẹ tún wo ìjálá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babalọlá lórí rẹ̀ (1966). Ẹranko gan-an ní oríkì níbẹ̀. Ọdẹ tó máa pa ẹfọ̀n mọ ìrìn ẹfọ̀n, ó mọ ìbínú ẹfọ̀n, ó sì ń fi í kọrin. Ìjálá kò díbọ́n pé ìbọn ò sí lọ́wọ́ òun. Ìpilẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ti yọ ìbọn kúrò nínú rẹ̀, àlá ni.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní, "Ìwọ náà ti pọ̀ jù! Fọ́tò kọ́ ni oríkì. Bí wọ́n bá fi orúkọ síbẹ̀, kí ló máa yí padà?" Ìbéèrè tó dáa ni. Kò jẹ́ kí n dákẹ́ lórí ẹ̀bi tèmi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ìwé ìròyìn wa tó kọjá á rántí ewì mi kan nípa ìyá tó ń ta igi ìdáná ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí à ń gbà lọ ilé ìwé. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo pè é ní ọmọ igbó, mo pè é ní ìyá tí kò gbàgbé iná ìṣẹ̀ṣe, mo ní èéfín ni aṣọ àlà rẹ̀. Lẹ́yìn tí a wo ìwé Salgado yìí, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Ọdún méjì ni mo ti ń kọjá níwájú obìnrin náà, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo mú ewì náà dání, mo lọ bá a.

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Ẹ káàsán o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mo kọ nǹkan kan nípa yín, mi ò sì tọrọ àyè." Ó ní kí n kà á. Mo kà á. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá ní, "Ọmọ mi, ó dùn. Ṣùgbọ́n o ò sọ pé gáàsì ti wọ́n. Ṣé o rò pé tórí mo fẹ́ràn èéfín ni mo ṣe ń ta igi? Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ mi, ìgbà tí wọn ò lówó gáàsì mọ́ ni wọ́n padà wá. Èmi gan-an, ojú ń ta mí." Mo bi í lórúkọ rẹ̀, ó sọ ọ́ fún mi, ó sọ ti ìlú wọn mọ́ ọn. Ó wá ní, "Má kọ ọ́ sínú ìwé o. Àwọn ọmọ mi wà ní ilé ìwé gíga, mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Ẹ wá rí i? Ìdáhùn mi sí ìbéèrè yẹn nìyẹn. Orúkọ tí mi ò kọ síbí yìí ti yí gbogbo nǹkan padà. Kí n tó mọ̀ ọ́n, èéfín ni mo rí. Ìgbà tí mo béèrè ni mo gbọ́ nípa owó gáàsì, nípa ojú tó ń ta, nípa àwọn ọmọ tó wà ní ilé ìwé. Inú rere kò sí nínú kí á tẹ orúkọ ènìyàn sábẹ́ àwòrán lásán. Inú kí á béèrè ló wà, kí á sì gba ohun tí ẹni náà bá sọ, bó tilẹ̀ ba ewì wa jẹ́. Salgado ṣe é fún ìjàpá. Èmi ò ṣe é fún ìyá onígi.

Ká má jẹ gbèsè òtítọ́, Salgado náà kò dúró lójú kan. Nínú Amazônia, iṣẹ́ ńlá tó gbé jáde ní 2021, ọ̀pọ̀ ènìyàn inú fọ́tò ló ní orúkọ, pẹ̀lú orúkọ abúlé wọn. Àwọn aṣáájú ìbílẹ̀ sì fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀ nínú àfihàn náà, wọ́n sọ nípa àwọn awakùsà àti àwọn agégi tó ń wọ ilẹ̀ wọn. Ẹni tó ti lé ní ọdún 70 ló yí ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ padà bẹ́ẹ̀. Àwa ọmọ ogún ọdún tí à ń bínú bí wọ́n bá fa igi lé ìlà ewì wa kan, ẹ jẹ́ ká kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí mi ò lè fò. Owó ilé-iṣẹ́ ìwakùsà Vale wà lára ohun tí wọ́n fi gbé àfihàn Genesis kalẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, odi tí wọ́n fi sé ẹ̀gbin ìwakùsà nítòsí Mariana ya. Samarco ló ni ín, Vale àti BHP ló sì jọ ni Samarco. Ènìyàn 19 kú. Ẹrẹ̀ náà ṣàn wọ Rio Doce, odò tó gba Aimorés kọjá, ìlú Salgado gan-an. Ó sọ̀rọ̀ síta, ó pè fún owó ńlá tí wọ́n máa fi tún odò náà ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ayé ṣe rí: owó tí a fi gbé àwòrán ilẹ̀ mímọ́ sára ògiri, ibi tí wọ́n ti ń hú ilẹ̀ ló ti wá. Mi ò sọ èyí láti fi ṣe ẹlẹ́yà. Bébà tí wọ́n fi ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé ìròyìn wa yìí, igi ni. Kò sẹ́ni tó dúró sí ìta. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba fọ́tò tó bá ní ibì kan wà tí ọwọ́ wa ò tíì dé rí.

Bí ẹ bá wá bi mí pé fọ́tò wo ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí àti ti ìdílé rẹ̀, mi ò ní mú ẹsẹ̀ alángbá. Fọ́tò méjì kan wà tí Instituto Terra máa ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Òkè kan náà ni, oko bàbá Salgado. Nínú àkọ́kọ́, òkè náà pá bí orí arúgbó. Nínú èkejì, igbó ti bò ó. Kò sí ọgbọ́n òjìji àti ìmọ́lẹ̀ kankan níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní kámẹ́rà lè yà á. Ṣùgbọ́n ọdún wà láàárín fọ́tò méjèèjì. Ẹni tó gé igi wà níbẹ̀, ẹni tó gbìn ín wà níbẹ̀, o sì lè béèrè orúkọ àwọn méjèèjì. Ìpilẹ̀ṣẹ̀ tí mo gbà gbọ́ nìyẹn: èyí tí ọwọ́ ènìyàn bàjẹ́, tí ọwọ́ ènìyàn tún bẹ̀rẹ̀.

Salgado kú ní Paris ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 2025, ẹni ọdún 81. Ẹbí rẹ̀ sọ pé ibà kan tó kó ní Indonéṣíà ní 2010, lẹ́nu iṣẹ́ Genesis, ló padà di jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tó pa á. Ẹni tó fi ara rẹ̀ san owó iṣẹ́ báyìí, kò yẹ ká fi "háà" lásán kí i. Ó yẹ ká bá a jiyàn.

Àbá mi fún ẹgbẹ́ wa kò gùn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ ewì nípa ènìyàn alààyè tó rí, kó kọ́kọ́ lọ kí i, kó bi í lórúkọ, kó sì ka ewì náà sí i létí kó tó mú un wá sí ìpàdé. Bó bá ní ká má dárúkọ òun, ká má dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ti mọ̀ ọ́n. Èmi ti ń tún ewì ìyá onígi kọ. Kò dùn tó ti àkọ́kọ́, owó gáàsì ti wọ inú rẹ̀, mi ò sì tíì mọ bí mo ṣe máa parí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo ṣèlérí pé màá kà á fún wọn.